Tom Wilson: Ọwọ́ Tí Ó Wà Lẹ́yìn Orin

Nígbà tí orin bá dùn, ẹni tí ó lanu kọ ọ́ ni ayé ń yìn. Bí onílù bá mọ ìlù í lù, iwájú orí rẹ̀ ni a ń lẹ owó mọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó gbẹ́ igi ìlù náà, tí ó wá awọ sí i, tí ó sì fa ọsán rẹ̀ le, kì í sábà sí lójú agbo; bí ó bá tilẹ̀ wà níbẹ̀, ẹ̀yìn èrò ni í dúró sí. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ rí fún àwọn tí ń ṣe olóòtú àwo orin. Àwa rí i pé ó tọ́ kí a ya ààyè yìí sọ́tọ̀ lónìí fún ọ̀kan nínú wọn, ọkùnrin aláwọ̀ dúdú ará Amẹ́ríkà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Tom Wilson. Ó ti kú láti ọdún 1978, ṣùgbọ́n àwọn orin tí ọwọ́ rẹ̀ kàn ṣì ń dún nínú rédíò káàkiri àgbáyé títí di òní.

Kí ọ̀rọ̀ wa lè yé tàgbà tèwe, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ sọ iṣẹ́ tí olóòtú àwo ń ṣe. Òun ni ilé-iṣẹ́ tí ń gbé àwo jáde ń fi ṣe alábòójútó nínú yàrá ìgbohùnsílẹ̀. Òun ni í bá olórin yan orin tí yóò wọ inú àwo. Òun ni í pe àwọn onígìtá, onílù àti atẹdùùrù tí yóò ran olórin lọ́wọ́. Òun ni í jókòó lẹ́yìn gíláàsì pẹ̀lú ẹni tí ń darí ẹ̀rọ, tí yóò sọ pé kí wọ́n tún orin kọ, tàbí pé èyí tí wọ́n kọ ti tó. Bí owó bá run jù, òun ni ilé-iṣẹ́ yóò bi léèrè; bí àwo kò bá tà, òun ni wọn yóò kọ́kọ́ dá lẹ́bi. Bí ó bá sì tà, olórin ni yóò gba ìyìn.

Ọjọ́ 25 oṣù Kẹta ọdún 1931 ni a bí Thomas Blanchard Wilson ní ìlú Waco, ní ìpínlẹ̀ Texas. Ìlú náà kì í ṣe ibi tí ara ti rọ ènìyàn dúdú ní àkókò yẹn. Ní ọdún 1916, ọdún 15 kí a tó bí i, àwọn èrò dáná sun ọ̀dọ́mọkùnrin dúdú kan, Jesse Washington, ní gbangba ìgboro Waco, níwájú ẹgbẹẹgbẹ̀rún òǹwòran. Òfin ìyapa ṣì múlẹ̀ ní gbogbo gúúsù Amẹ́ríkà nígbà tí Wilson ń dàgbà: ọ̀tọ̀ ni ilé-ìwé ọmọ funfun, ọ̀tọ̀ ni ti ọmọ dúdú. Ilé-ìwé A. J. Moore, tí í ṣe ti àwọn ọmọ dúdú, ni ó lọ. Láti ibẹ̀ ó lọ sí Yunifásítì Fisk ní ìlú Nashville, ilé-ẹ̀kọ́ tí a dá sílẹ̀ fún àwọn ènìyàn dúdú lẹ́yìn tí ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà parí tí oko ẹrú sì dópin. Lẹ́yìn náà ni ó wọ Yunifásítì Harvard, ọ̀kan nínú àwọn ilé-ẹ̀kọ́ tí ó lókìkí jùlọ ní ayé, ó sì gboyè jáde níbẹ̀ ní ọdún 1954.

Ní Harvard, Wilson kò fi ti ìwé nìkan ṣe. Ó bá wọn ṣiṣẹ́ ní WHRB, ilé-iṣẹ́ rédíò àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ó sì wà nínú ẹgbẹ́ àwọn tí ó fẹ́ràn orin jáàsì tuntun. Ó tún jẹ́ olórí àwọn ọ̀dọ́ tí ń ṣe ti ẹgbẹ́ òṣèlú Republican ní ilé-ẹ̀kọ́ náà. A mẹ́nu kan èyí kí ẹ lè mọ irú ènìyàn tí ó jẹ́. Kì í ṣe ẹni tí a lè wo àwọ̀ ara rẹ̀ kí a sì ti ibẹ̀ mọ ibi tí yóò jókòó sí. Ní ọjọ́ ayé rẹ̀, ibi tí wọn kò retí rẹ̀ sí ni wọ́n ti sábà ń bá a.

Ní ọdún 1955, nígbà tí ó jẹ́ ẹni ọdún 24, ó yá owó, ó sì dá ilé-iṣẹ́ àwo tirẹ̀ sílẹ̀ ní ìlú Cambridge níbi tí Harvard wà. Transition ni ó pe orúkọ rẹ̀. Àwọn olórin tí ilé-iṣẹ́ ńláńlá kò fẹ́ ná owó lé lórí ni ó lọ ń wá. Sun Ra kó ẹgbẹ́ olórin jọ ní Chicago, ó sì ń sọ fún ènìyàn pé kì í ṣe inú ayé yìí ni òun ti wá. Wilson ni ó gbé àwo ńlá àkọ́kọ́ rẹ̀ jáde. Cecil Taylor ń tẹ píánò ní ọ̀nà tí ó ń da etí àwọn tí ó mọ orin pàápàá láàmú. Wilson ni ó gba àwo ńlá àkọ́kọ́ tirẹ̀ náà sílẹ̀ ní ọdún 1956, èyí tí a pè ní Jazz Advance. Lónìí, ẹni tí yóò bá kọ ìtàn jáàsì tí ó péye kò lè fo àwọn méjèèjì. Ní àkókò náà, àwo kò tà tó, ilé-iṣẹ́ Transition sì kógbá sílé láìpẹ́. Owó ni Wilson pàdánù. Etí rẹ̀ kò tàn án jẹ.

Lẹ́yìn èyí, ó kọjá sí New York, ó ń ti ilé-iṣẹ́ kan bọ́ sí òmíràn. Ní ọdún 1961 ó tún gba àwo Sun Ra kan sílẹ̀ fún ilé-iṣẹ́ Savoy. Ní ọdún 1963 ni Columbia gbà á sí iṣẹ́ olóòtú. Columbia jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ilé-iṣẹ́ àwo tí ó tóbi jùlọ ní Amẹ́ríkà. Ẹ̀yin òǹkàwé wa yóò rántí pé òun náà ni ó gbé àwo ìlù Babátúndé Ọlátúnjí, ọmọ Ajídò lẹ́bàá Àgbádárìgì, jáde ní ọdún 1960. Ènìyàn dúdú tí ń kọrin pọ̀ ní irú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀; ènìyàn dúdú tí ó jókòó sí àga olóòtú kò wọ́pọ̀ rárá.

Kò pẹ́ tí ó débẹ̀ tí wọ́n fi fa Bob Dylan lé e lọ́wọ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin aláwọ̀ funfun ni Dylan, ẹni ọdún 21, tí ń fi gìtá kan àti hàmóníkà kọ orin tí wọ́n ń pè ní fóòkù, èyíinì ni irú orin tí àwọn ará oko àti òṣìṣẹ́ Amẹ́ríkà ń gbà láti ẹnu dé ẹnu. John Hammond, àgbà olóòtú tí ó mú Dylan wá sí Columbia, ní aáwọ̀ pẹ̀lú alágbàtà ọmọkùnrin náà, èyí ni ó sì mú kí ilé-iṣẹ́ wá ẹlòmíràn. Wilson kò ka orin fóòkù sí tẹ́lẹ̀. Jáàsì ni ó ti ń jẹ, òun ni ó ti ń mu. Ìgbà tí ó gbọ́ ọ̀rọ̀ tí ń ti ẹnu ọmọkùnrin yìí jáde ni ó yí èrò rẹ̀ padà. Orin mẹ́rin ni ó ṣe olóòtú rẹ̀ nínú àwo The Freewheelin' Bob Dylan tí ó jáde ní ọdún 1963. Lẹ́yìn náà ni ó ṣe The Times They Are a-Changin', àti Another Side of Bob Dylan, èyí tí wọ́n gbà sílẹ̀ tán ní alẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo, ọjọ́ 9 oṣù Kẹfà ọdún 1964.

Wilson ti ní èrò kan lọ́kàn pé bí a bá fi ẹgbẹ́ onílù àti onígìtá oníná sí ẹ̀yìn Dylan, orin rẹ̀ yóò dé ibi tí gìtá kan kò lè gbé e dé. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1964, ó mú orin àtijọ́ kan tí Dylan ti kọ, ó sì kó ohùn àwọn onílù lé e lórí láti wò bí yóò ti rí. Wọn kò gbé èyíinì jáde nígbà náà, ṣùgbọ́n irúgbìn ti bọ́ sílẹ̀. Ní oṣù Kìíní ọdún 1965, láàárín ọjọ́ mẹ́ta, wọ́n gba àwo Bringing It All Back Home sílẹ̀. Ojú kìíní àwo náà kún fún gìtá oníná àti ìlù. Ojú kejì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gìtá lásán bí ti tẹ́lẹ̀. Ibẹ̀ ni fóòkù àti orin rọ́ọ̀kì ti bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun nínú àwo kan náà. Inú bí àwọn olùfẹ́ fóòkù tí wọ́n ka gìtá oníná sí ọ̀dàlẹ̀, ṣùgbọ́n orin Amẹ́ríkà kò padà sí ibi tí ó wà mọ́.

Ní oṣù Kẹfà ọdún náà ni wọ́n gba Like a Rolling Stone sílẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ń jẹ́ Al Kooper wà níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àlejò Wilson. Gìtá ni ó rò pé òun yóò ta, ṣùgbọ́n nígbà tí ó gbọ́ bí Mike Bloomfield ṣe ń ta tirẹ̀, ó rọra gbé gìtá rẹ̀ padà sínú àpótí. Nígbà tí ó yá, ó yọ́ lọ jókòó nídìí dùùrù tí kò sí ẹni tí ń tẹ̀ ẹ́, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe atẹdùùrù. Wilson rí i láti ẹ̀yìn gíláàsì. Ó lè lé e jáde, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni. Kò lé e. Nígbà tí wọ́n gbọ́ ohun tí wọ́n gbà sílẹ̀, Dylan ní kí wọ́n gbé ohùn dùùrù náà sókè sí i. Ẹni tí ó bá mọ orin yìí mọ̀ pé bí a bá yọ dùùrù yìí kúrò nínú rẹ̀, ìdajì ẹwà rẹ̀ ti lọ. Bí olóòtú ṣe ń ṣiṣẹ́ nípa sísọ̀rọ̀ ni ó tún ń ṣiṣẹ́ nípa dídákẹ́ nígbà tí ó yẹ. Orin náà dé ipò kejì nínú àwọn àwo tí ó tà jùlọ ní Amẹ́ríkà. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó gba ìyókù àwo ńlá tí ó wà nínú rẹ̀ sílẹ̀, olóòtú mìíràn, Bob Johnston, ti gba ipò Wilson lẹ́gbẹ̀ẹ́ Dylan.

A dé ibi tí ọ̀rọ̀ ti le jù nínú ìtàn ọkùnrin yìí. Ní ọdún 1964, Wilson ṣe olóòtú àwo fún àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin méjì, Paul Simon àti Art Garfunkel. Ohùn méjì àti gìtá ni ó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Àwo náà kò tà. Àwọn méjèèjì tú ká: Simon gba ìlú Gẹ̀ẹ́sì lọ, ó ń kọrin kiri, Garfunkel padà sí ẹnu ẹ̀kọ́ rẹ̀. Nígbà tí ó yá, ìròyìn bẹ̀rẹ̀ sí í dé pé ní Boston àti ní Florida, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń bèèrè fún ọ̀kan nínú àwọn orin inú àwo náà lórí rédíò. Orúkọ orin yìí ni The Sound of Silence. Ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹfà ọdún 1965, ọjọ́ kan náà tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ lórí Like a Rolling Stone, Wilson pe àwọn onígìtá oníná àti onílù, ó sì kó ohùn wọn lé orin náà lórí. Kò bèèrè lọ́wọ́ Simon. Kò bèèrè lọ́wọ́ Garfunkel. Ní oṣù Kẹsàn-án ni àwo kékeré náà jáde, nígbà tí ọdún 1966 sì wọlé, òun ni ó wà ní ipò kìíní ní gbogbo Amẹ́ríkà. Simon wà ní òkè òkun nígbà tí ó gbọ́ ohun tí wọ́n fi orin rẹ̀ ṣe; kò dùn mọ́ ọn nínú nígbà tí ó kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Síbẹ̀, orin yìí ni ó mú un padà wálé, tí ó tún da òun àti Garfunkel pọ̀, tí ó sì sọ wọ́n di olókìkí títí di òní.

Kí ni kí a wí sí èyí? Gángan tí ó kọjú sí ẹnì kan, ẹ̀yìn ni ó kọ sí ẹlòmíràn. Àwọn kan ní orin tí ó ti kú ni Wilson jí dìde, nítorí náà kò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè. Àwọn mìíràn ní ẹni tí ó ni ọmọ ni í sọ ọ́ lórúkọ, àti pé àṣeyọrí kò lè sọ ohun tí kò tọ́ di títọ́. Èrò tiwa ni pé apá kejì ni ó sún mọ́ òtítọ́. Ilé-iṣẹ́ ni ó ni àwo ní ìlànà òfin, ṣùgbọ́n olórin ni ó ni orin ní ìlànà ọmọlúàbí, kò sì sí ìdí tí a kò fi lè kọ lẹ́tà kan sí òkè òkun. Ṣùgbọ́n àwa kò ní fi èyí bo òtítọ́ kejì mọ́lẹ̀, pé bí Wilson kò bá fi ọwọ́ kan orin náà, ó ṣeé ṣe kí ayé má gbọ́ ọ láéláé.

Ẹ̀rí pé ìbéèrè yìí kì í ṣe kékeré wà nínú iṣẹ́ tí ó ṣe tẹ̀lé e. Nígbà tí ó di ọdún 1966, Wilson ti kúrò ní Columbia, ó ti bọ́ sí MGM àti ẹ̀ka rẹ̀ tí ń jẹ́ Verve. Ibẹ̀ ni ó ti gbé Freak Out! jáde fún Frank Zappa àti ẹgbẹ́ Mothers of Invention, àwo méjì nínú àpò kan, ohun tí kò wọ́pọ̀ rárá nínú orin rọ́ọ̀kì nígbà náà. Ó bá Eric Burdon àti ẹgbẹ́ Animals láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣiṣẹ́; ó bá Hugh Masekela, afunfèrè ọmọ South Africa, ṣe àwo. Ó sì bá ẹgbẹ́ Velvet Underground ti New York ṣe àwo wọn méjèèjì àkọ́kọ́. Lára èyí tí ó jáde ní ọdún 1967, tí àwòrán ọ̀gẹ̀dẹ̀ wà lójú rẹ̀, orúkọ Andy Warhol, gbajúmọ̀ ayàwòrán, ni wọ́n kọ gàdàgbà gẹ́gẹ́ bí olóòtú. Orin kan ṣoṣo, Sunday Morning, ni wọ́n fi orúkọ Wilson sí gẹ́gẹ́ bí olóòtú rẹ̀. Àwo yìí kò tà púpọ̀ nígbà tí ó jáde, ṣùgbọ́n àwọn tí ó gbọ́ ọ di olórin fúnra wọn, lónìí a sì ń kà á mọ́ àwọn àwo rọ́ọ̀kì tí ó níyì jùlọ.

Ní ọdún kan náà ni ó ṣe àwo Chelsea Girl fún Nico, obìnrin ọmọ Jámánì tí ó ti bá Velvet Underground kọrin. Nígbà tí Nico kọrin tán, Wilson ní kí wọ́n fi gòjé àti fèrè kún un. Obìnrin náà gbọ́ ọ, ó sì bú sẹ́kún, nítorí kò fẹ́ràn fèrè náà rárá, inú rẹ̀ kò sì yọ́ sí i ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀. Ẹ wò ó: ọwọ́ kan náà, àṣà kan náà, láàárín ọdún méjì. Èyí tí ó ṣe fún Simon di ọrọ̀ àti òkìkí. Èyí tí ó ṣe fún Nico di ọgbẹ́ ọkàn. Nítorí náà ni àwa fi sọ pé kì í ṣe bí nǹkan ṣe parí ni a ó fi dá a láre tàbí lẹ́bi. Ìbéèrè tí a kò bèèrè lọ́wọ́ ẹni tí ó ni orin ni àṣìṣe náà, yálà àwo tà tàbí kò tà.

Ohun kan tún wà tí a kò gbọdọ̀ fò dá. Ní ọdún 1963 sí 1968, nígbà tí àwọn ènìyàn dúdú Amẹ́ríkà ń rìn ní ìgboro, tí wọ́n ń jìyà nítorí ẹ̀tọ́ àtidìbò àti àtijókòó níbi tí ó wù wọ́n, ọmọ Waco yìí wà lẹ́yìn gíláàsì, tí ó ń darí orin tí gbogbo ayé kà sí orin ọmọ funfun. Fóòkù tí Dylan ń kọ, rọ́ọ̀kì tí Zappa ń ṣe àti ariwo Velvet Underground, ẹnì kan náà ni ó jókòó tì wọ́n. Ó gbọ́ ohun tí ó wà nínú Sun Ra àti Cecil Taylor, ó sì gbọ́ ohun tí ó wà nínú Dylan, nítorí ohun tí ó ń wá nínú gbogbo wọn kò yàtọ̀: ẹni tí ó ní ohùn tirẹ̀, tí kò fara wé ẹnikẹ́ni.

Ní ọdún 1967 àti 1968 ó tún ń ṣe ètò rédíò kan tí MGM ń san owó rẹ̀, níbi tí ó ti ń fi ọ̀rọ̀ wá àwọn olórin lẹ́nu wò. Lẹ́yìn náà ni òkìkí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀ọ̀kùn. Ó ń ṣiṣẹ́ fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n kò tún rí orin tí ó lókìkí tó ti ìgbà náà. Ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1978, àrùn ọkàn pa á ní Los Angeles. Ẹni ọdún 47 péré ni. Wọ́n gbé òkú rẹ̀ padà sí Waco, ibi tí a ti bí i, ibẹ̀ ni wọ́n sì sin ín sí. Lẹ́yìn ikú rẹ̀, orúkọ Dylan, ti Simon, ti Zappa àti ti Warhol ń ga sí i lọ́dọọdún. Orúkọ Wilson wà ní ẹ̀yìn àwo, ní lẹ́tà wẹ́wẹ́, níbi tí ojú àwọn tí ó pọ̀ jù kì í dé.

Àwa kò sọ pé kí a fi olóòtú ṣe olúwa olórin. Ìtàn tí a sọ yìí fi hàn pé ó léwu bẹ́ẹ̀. Ohun tí a ń wí ni pé àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà, àti pé ọ̀nà méjì ni gbèsè yìí pín sí. Olóòtú jẹ olórin ní gbèsè ìbéèrè kí ó tó fi ọwọ́ kan iṣẹ́ rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ àti àwa tí ń gbọ́ orin jẹ olóòtú ní gbèsè orúkọ. Yinniyinni, kí ẹni ṣe òmíràn ni àwọn àgbà wí, ṣùgbọ́n a kò lè yin ẹni tí a kò mọ̀. Kí àwọn tí ń gbé orin jáde, ìbáà ṣe nínú àwo tàbí lórí ẹ̀rọ ìgbàlódé tí ó ti rọ́pò àwo, máa kọ orúkọ gbogbo ẹni tí ó ṣiṣẹ́ sí i síbi tí ojú lè rí i. Kí ẹ̀yin òǹkàwé wa náà, nígbà tí orin kan bá tún wọ̀ yín lára, wo ẹ̀yìn rẹ̀ kí ẹ tó yìn ín, kí ẹ sì ka orúkọ tí ó wà níbẹ̀.